Ọwọ́ Tí Nǹkan Gé: Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹnikẹ́ni Tó Rán An

Bàbá kan ń fọ́ kòkó lóko. Ó fi ọwọ́ òsì di èso kòkó mú, ó fi àdá lù ú, àdá yọ̀ kúrò lára èso, ó bọ́ sí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo fọ ọgbẹ́, mo gún un lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, mo rán an lójú mẹ́rin, mo ní kí bàbá padà wá lọ́jọ́ kẹwàá kí n tú òwú. Awọ jinná, ọyún kò sí níbẹ̀, mo tilẹ̀ ń yin ara mi. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá na ọwọ́ sí mi: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ìka yìí. Mo ní kó tẹ̀, kò dá mi lóhùn." Ìka náà ń tẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ nà gbọnrangandan bí igi ìṣáná. Iṣan tó ń fa orí ìka ti já láti ọjọ́ tí àdá ti bà á, èmi sì ni mo rán awọ bò ó.

Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ láìṣe àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó bá ti mọ́ni lára. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, pàápàá àwa tí a wà níbi tí dókítà kì í sí ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ tàbí àbúrò tí ìgò gé wá sílé ìwòsàn lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, torí ojú àti ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń rán ọgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀ o.

Ohun mẹ́ta tí à ń pè ní iṣan

Bí wọ́n bá bi wá pé "ṣé kò kan iṣan?", a máa ń dáhùn kíá pé rárá. Iṣan wo? Ohun mẹ́ta ni Yorùbá ń pè ní iṣan nínú ọwọ́. Èkíní ni iṣan afàka, okùn funfun tó ń dán bí èyí tí ẹ máa ń rí nínú bọ̀kọ́tọ̀. Kò sí ẹran kankan nínú ìka fúnra rẹ̀ tó ń ká a tàbí tó ń nà án. Ẹran tó ń fà á wà ní apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, okùn yìí ló sì fi ń fa ìka bí ẹni tó dúró létí kànga ṣe ń fa garawa. Tí okùn bá já, ẹni tó ń fà ṣì lè máa fà, garawa kò ní mira. Èkejì ni iṣan ìmọ̀lára, tó ń jẹ́ ká mọ ìrora àti ìfọwọ́kàn, tó tún ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá fún ẹran. Ẹ̀kẹta ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọgbẹ́ kan lè gé ọ̀kan kó fi méjì sílẹ̀, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àyẹ̀wò tirẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Gílọ́ọ̀fù, gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ tó mọ́, omi dírípù oníyọ̀. Tí kò bá sí, omi ẹ̀rọ tó mọ́ tó èèyàn mu.
- Kílíìpù kékeré tí a fi ń di bébà, àti rúlà. Ẹ na kílíìpù náà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní mìlímítà 5.
- Owó bébà kan, igba náírà tó.
- Tọ́ọ̀ṣì, bírò, àti bébà tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí.
- Bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹní. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ṣubú lulẹ̀ láti orí àga.
- Ọwọ́ rẹ̀ kejì tí kò fara gbọgbẹ́. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo irinṣẹ́, torí òun ni ẹ máa fi wé.

Ẹ bọ́ òrùka kúrò ní gbogbo ìka kí ọwọ́ tó wú. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, ẹ máa bi í: ọwọ́ wo ló fi ń ṣiṣẹ́, kí ló gé e, ìgbà wo, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Ìbéèrè kan tún wà tí a kì í sábà béèrè: báwo ni ìka ṣe wà nígbà tí nǹkan náà gé e, ṣé ó ká ni àbí ó nà? Ẹni tó di nǹkan mú nígbà tí àdá bà á, ìka rẹ̀ ká. Tó bá wá na ìka náà sílẹ̀ fún yín láti wò, ojú ibi tí iṣan ti gé á ti sún lọ síwájú, sí ọ̀nà orí ìka. Ẹ máa wo inú ọgbẹ́, ẹ máa rí iṣan funfun tó pé pérépéré, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan.

1. Ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìba nǹkan jẹ́

Ẹ fi gọ́ọ̀sì tẹ ojú ọgbẹ́ gan-an, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Ẹ wo aago. Ẹni tó ń ṣí i wò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi irin ìdíẹ̀jẹ̀ gbá inú ẹ̀jẹ̀ mú láìríran. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára jọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìka bí ìbejì ni, irin tó bá fún ọ̀kan ti fún èkejì pa. Ẹ má sì so rọ́bà mọ́ ọrùn ọwọ́. Rọ́bà tí kò le tó á dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà lọ, á sì fi ọ̀nà tó ń gbà wọlé sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ya ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ewé Akíntọ́lá ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀ wa máa ń fún un sójú ọgbẹ́, n kò sì ní bá ẹni tó wà lóko tó jìnnà jà nítorí rẹ̀. Wàhálà tèmi ni pé tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo inú ọgbẹ́ ti di àwọ̀ ewé, n kò mọ èwo ni iṣan, èwo ni ewé. Kẹrosíìnì àti eérú ni kí wọ́n má dán wò rárá.

Ó ti yege tí ẹ bá ṣí gọ́ọ̀sì tí ẹ̀jẹ̀ kan ń sun díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń tú jáde ní ìgbà dé ìgbà bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ ránṣẹ́ pe ọkọ̀.

2. Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe dùbúlẹ̀

Ẹ má tíì ní kó ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kó dẹ ọwọ́ náà sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é sí ọwọ́ ara yín báyìí kí ẹ wò ó: ìka ìfábẹ̀lá ká díẹ̀, ti àárín ká jù ú lọ, ti òrùka tún jù ú, ọmọńdinrín ló ká jù. Àtẹ̀gùn ni wọ́n. Ìka tó bá yọ kúrò lórí àtẹ̀gùn yìí, tó nà gbọọrọ nígbà tí àwọn yòókù ká, iṣan tó ń ká a ti já. Èyí tí orí rẹ̀ wó sílẹ̀ bí orí òdòdó tó rọ, iṣan tó ń nà án ló já.

Lẹ́yìn náà, ẹ di apá rẹ̀ mú kí ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn ìka á ká fúnra wọn. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú, wọ́n á nà. Ìka tí kò bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí ẹ fura sí. Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọdé tó ń ké àti ẹni tó ti mutí yó, torí kò béèrè ìrànlọ́wọ́ kankan lọ́wọ́ wọn.

Ìkìlọ̀: "Ẹ mi ìka yín kí n rí i" kì í ṣe àyẹ̀wò. Gbogbo ìka ló ń mira. Ìka bàbá oníkòkó mi náà mira.

3. Ẹ yẹ ìmọ̀lára wò KÍ Ẹ TÓ gún un lábẹ́rẹ́

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù nìyí. Àánú aláìsàn á ṣe wá, a ó yára gún un ní lidocaine, oògùn tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú, lẹ́yìn náà a ó máa bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n lára. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ kò lè mọ̀ bóyá iṣan rẹ̀ já tàbí kò já títí agbára oògùn á fi tán.

Ẹ ní kó dijú. Ẹ fi òwú kan ọwọ́ tó dá ṣáká kó lè mọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ tó kan ọwọ́ tó gé. Ibi mẹ́ta ni iṣan ìmọ̀lára ńlá mẹ́ta ní láti dáhùn:

Ẹran orí ìka ìfábẹ̀lá, níwájú: iṣan median.
Ẹran orí ọmọńdinrín, níwájú: iṣan ulnar.
Ẹ̀yìn ọwọ́, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá: iṣan radial.

Tó bá jẹ́ ìka ni ọgbẹ́ wà, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìka náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí iṣan kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ìka tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kú á ṣì máa sọ fún yín pé òun gbọ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án láàárín.

Ìbéèrè tí ẹ máa béèrè náà ṣe pàtàkì. Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ gbọ́ ọ?", á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ó ń mọ títẹ̀ náà dé inú eegun. Ẹ bi í pé, "Ṣé bó ṣe rí ní ọwọ́ kejì náà ló rí níbí?" Tó bá ní ó dà bí ìgbà tí aṣọ bò ó, ìdáhùn ti dé.

Ẹ wá mú kílíìpù. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí ìka lẹ́ẹ̀kan náà ní ìrọ̀rùn, kó má tẹ awọ wọlé. Nígbà mìíràn ẹ fi ẹnu kan ṣoṣo kàn án. Kó sọ fún yín: ọ̀kan ni àbí méjì? Orí ìka tó dá ṣáká á mọ méjì yàtọ̀ sí ọ̀kan ní nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 6. Awọ ọwọ́ àgbẹ̀ àti bíríkìlà nípọn, ó lè gba fífẹ̀ díẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wé e mọ́ ọwọ́ kejì.

Fún ọmọ tí kò tíì lè dáhùn, ẹ fọwọ́ pa orí ìka. Ìka tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ já kì í làágùn mọ́, ó máa ń gbẹ. Tí ẹ bá rọra wọ́ igi bírò lórí rẹ̀, á yọ̀ lọ geere, nígbà tí ìka tó kù á fẹ́ di bírò mú. Lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná, ẹ lè fi ọwọ́ ọmọ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30: àwọn ìka yòókù á hunjọ bíi ti ẹni tó pẹ́ nídìí aṣọ fífọ̀, èyí tí iṣan rẹ̀ já á dán.

Kí ẹ tó kúrò ní ìpele yìí, ẹ ya ọwọ́ sórí bébà, kí ẹ fi bírò kun ibi tó kú. Tí ẹ kò bá lè yà á, ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán.

4. Ẹ̀jẹ̀ ń dé orí ìka àbí kò dé?

Ẹ tẹ èékánná títí á fi funfun, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Pupa gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí awọ bá dúdú, inú èékánná àti ẹran orí ìka ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹ̀yìn ìka.

Tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ni ọgbẹ́ wà tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dúró, ẹ ní kó di ẹ̀ṣẹ́ gan-an, kí ẹ fi àtàǹpàkò yín méjèèjì dí iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ní ọrùn ọwọ́, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín. Kó la ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ á ti funfun. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí àwọ̀ pẹ́ kó tó padà ju ti ọwọ́ kejì lọ, ó ní wàhálà.

Ìka tó funfun, tó tutù, tí pupa kò padà sí, kò ní dúró de ìpele tó kù. Ẹ wé e, kó máa lọ sílé ìwòsàn ńlá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tó ti ràn mí lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ìka, iṣan ìmọ̀lára ló sún mọ́ awọ iwájú, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ tó bá gba iwájú wọlé tó gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ kọjá lára iṣan ìmọ̀lára. Nítorí náà, ìka tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tú jáde bí omi ẹ̀rọ nígbà tó gé, tí wọ́n bá ròyìn bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ kà á sí pé iṣan ìmọ̀lára ẹ̀gbẹ́ yẹn ti lọ títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kò lọ.

5. Iṣan tó ń ká ìka: méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ìpele yìí ni mo fò tí ìka bàbá fi bàjẹ́. Ìka kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àtàǹpàkò, ní okùn méjì níwájú. Ọ̀kan sún mọ́ awọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní iṣan òkè. Ó dúró lára eegun àárín ìka, oríkèé àárín ló sì ń tẹ̀. Èkejì sún mọ́ eegun, iṣan abẹ́. Kí iṣan òkè tó dé ibùdó rẹ̀, ó la sí méjì bíi gbàgà igi tí ọmọdé fi ń ṣe kànnàkànnà, iṣan abẹ́ sì gba àárín gbàgà náà kọjá lọ sí eegun orí ìka. Òun nìkan ló lè tẹ orí ìka.

Ẹ rí i nísinsìnyí: bí iṣan òkè nìkan bá já, iṣan abẹ́ á ṣì ká gbogbo ìka náà. Bí iṣan abẹ́ nìkan bá já, ìka á ká láàárín, orí á nà. Ẹni tó bá ní "di ẹ̀ṣẹ́" tó wò ó láti òkèèrè, kò ní rí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Iṣan abẹ́: ẹ di eegun àárín ìka náà mú kó nà, kí oríkèé àárín má lè tẹ̀. "Bàbá, ẹ tẹ orí ìka yín nìkan." Tó bá tẹ̀, iṣan abẹ́ wà.

Iṣan òkè: ẹ tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ tẹ ìka mẹ́ta yòókù mọ́lẹ̀ kí wọ́n nà tán, ẹ fi ọ̀kan tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sílẹ̀. "Ẹ gbé e sókè." Oríkèé àárín á tẹ̀, orí ìka á sì máa mì jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé iṣan abẹ́ àwọn ìka jọ ń ti ara ẹran kan wá: tí ẹ bá ti na mẹ́ta, ẹ ti so ìkẹrin mọ́lẹ̀, ohun tó kù tó lè gbé e sókè ni iṣan òkè.

Ìkìlọ̀ méjì. Ọmọńdinrín ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè dá gbé ara rẹ̀ sókè báyìí, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ẹ wo ọwọ́ kejì kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìka òrùka bá a gbéra. Ìka ìfábẹ̀lá náà lè tàn yín ní ọ̀nà mìíràn, torí iṣan abẹ́ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, kò so pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Fún òun, ẹ ní kó fi ẹran orí ìka náà àti ti àtàǹpàkò fún bébà pọ̀, kí orí ìka nà tàbí kó tilẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Tí iṣan òkè kò bá sí, orí ìka á ká wọlé tipátipá láti rí agbára.

Àtàǹpàkò rọrùn: ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kó tẹ orí rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ máa fi ìka yín dènà díẹ̀. Iṣan tó gé dé ìdajì á ṣì gbé ìka nígbà tí nǹkan kan kò dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dènà, á dùn ún tàbí kó rẹ̀ ẹ́. Irú èyí lè já pátápátá lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà níbi tó ti ń gbé garawa omi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí èyí tó já.

Láti ìlà àtẹ́lẹwọ́ tó sún mọ́ ìka jù lọ dé àárín eegun kejì ìka, àwọn okùn méjèèjì jọ há sínú ihò tóóró kan. Ọgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀, kódà bó bá dà bí ẹni pé eékánná ológbò ló ya á, kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ń wá iṣan sí. Awọ nìkan ni kí ẹ bò, kó sì lọ.

Tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló gé: ẹ ní kó kan àtàǹpàkò mọ́ ọmọńdinrín, kó tẹ ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Okùn kan á yọ sókè ní àárín gan-an. Àwọn kan wà tí wọn kò ní in rárá, ẹ wo ọwọ́ kejì. Tí okùn yìí bá gé, ẹ fura gidigidi sí iṣan median, torí ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ló sá pamọ́ sí.

6. Iṣan tó ń na ìka

Àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ tábìlì. Kó gbé ìka kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì gbé àtàǹpàkò sókè sí ọ̀run. Ẹ máa dènà rẹ̀ díẹ̀. Ní ẹ̀yìn ọwọ́, àwọn okùn yìí fi ẹ̀ka so mọ́ ara wọn, ìka tí okùn tirẹ̀ já lè máa gun ẹ̀yìn aládùúgbò rẹ̀ gòkè. Ìdènà ló ń tú u fó.

Ọgbẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn oríkèé àárín ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìka tẹ̀ sórí etí tábìlì ní oríkèé àárín, kí ẹ tẹ eegun àárín mọ́lẹ̀, kó gbìyànjú láti nà án. Tó bá dára, ẹ máa mọ agbára rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, orí ìka á sì rọ̀. Tí agbára kò bá sí láàárín tí orí ìka wá le gan, okùn tó ń na oríkèé àárín ti já. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, torí ìka náà kì í tíì wọ́ nígbà náà.

Orí ìka tó wó sílẹ̀ láìsí ọgbẹ́ (bọ́ọ̀lù lè fà á, títẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá lè fà á): igi tàbí ike pẹlẹbẹ ni a fi ń gbé e nà tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bó bá jẹ́ kó wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó ti ń wẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oókan.

Ìkìlọ̀ ńlá: ọgbẹ́ kékeré lórí oríkèé ìdí ìka, tí ẹni náà ní páànù ló gé òun. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó bá ẹnìkan jà. Eyín ẹni tó lù ni. Nígbà tó di ẹ̀ṣẹ́ ni eyín wọlé dé oríkèé, nígbà tó la ọwọ́, iṣan sún padà, ó sì gbé ìdọ̀tí ẹnu lọ sínú. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ṣẹ́ padà kí ẹ tó wò ó. Ẹ má rán an. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà fún oògùn tó ń pa kòkòrò.

7. Àṣẹ ń dé ara ẹran àbí kò dé?

Median: ẹ̀yìn ọwọ́ lórí tábìlì, kó gbé àtàǹpàkò dúró ṣánṣán sókè kúrò lórí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tì í wálẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹran ìdí àtàǹpàkò bóyá ó le. Ulnar: kó gbé ìka àárín gun orí ìfábẹ̀lá. Kó tún fi àtàǹpàkò àti ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá di igba náírà mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ máa fà á. Ọwọ́ tí iṣan ulnar rẹ̀ já á ká orí àtàǹpàkò kí owó má baà bọ́. Radial: kó gbé ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò sókè.

8. Eegun, àti inú ọgbẹ́

Kó ká ìka díẹ̀díẹ̀. Gbogbo orí ìka gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà nítòsí ìdí àtàǹpàkò. Ìka tó gun ẹgbẹ́ rẹ̀, eegun rẹ̀ ti kán, ó sì ti yí. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tó fi ọwọ́ gbalẹ̀, ẹ tẹ kòtò kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò nígbà tó bá nà án sẹ́yìn. Tó bá dùn ún níbẹ̀, ẹ so ó mọ́ igi kódà bí X-ray bá ní kò sí nǹkan, kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14.

Nísinsìnyí tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí bébà, òṣìṣẹ́ ìlera lè gún un lábẹ́rẹ́, kó fọ inú ọgbẹ́ pẹ̀lú omi púpọ̀, kó sì tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ máa ká ìka kí ẹ máa nà án títí dé òpin, kí ibi tí iṣan ti gé lè kọjá lójú yín. Ìgò máa ń sábà hàn nínú X-ray. Igi kì í sábà hàn, ẹ má fi X-ray tó mọ́ lé ẹni tí ẹ̀gún igi wọ lára lọ.

9. Ìwé àti ìrìnàjò

Ẹ má kọ "ọgbẹ́ ọwọ́, a ti tọ́jú rẹ̀". Irú èyí ni mo máa ń kọ: "Ọwọ́ òsì, ìfábẹ̀lá, iwájú eegun kejì. Àdá, agogo 10 àárọ̀. Iṣan òkè ń ṣiṣẹ́. Iṣan abẹ́ kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kú, mìlímítà 5 kò yé e. Èékánná dára. A yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lo lidocaine. A ti fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì."

Ẹ fi gọ́ọ̀sì sáàárín àwọn ìka, kí ẹ wé e fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí orí ìka yọ síta. Tí iṣan iwájú bá já, ẹ fi igi sí ẹ̀yìn ọwọ́ kí oríkèé ìdí ìka tẹ̀, ẹ má na ìka tipátipá. Ẹ sọ fún un pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́, kì í ṣe ìgbà tí awọ bá jinná. Iṣan tó já máa ń fà sẹ́yìn, ó sì máa ń sún kì.

Ìka tó já bọ́: ẹ fi gọ́ọ̀sì tí omi dírípù rin díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ so ẹnu rẹ̀, ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú abọ́ tí yìnyín àti omi wà. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín fúnra rẹ̀, ẹ má sì fi sínú spirit. Kó tẹ̀ lé ẹni tó ni ín nínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹni tí ẹ bá jẹ́ kó lọ sílé, ẹ fi ìka tirẹ̀ júwe ohun mẹ́rin fún un kó sọ ọ́ padà fún yín: ìka wú yíká láti ìdí dé orí, ó ká díẹ̀ kò sì fẹ́ nà, ó ń dun ún ní gbogbo ọ̀nà iwájú ìka dé àtẹ́lẹwọ́, tí ẹnìkan bá rọra nà án, ó pariwo. Ọyún ti wọ inú ihò iṣan nìyẹn. Ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó láti padà wá lóru.